Sí Àbẹ̀kẹ́, Nípa Ìwé Tí Àwọn Ọmọ Kíláàsì Rẹ̀ Kò Fẹ́ Kà

Atẹlíyé Lámídì Aránṣọ,
Ladjifarani, Pàràkú.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ẹyinlójú mi,

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró níwájú kíláàsì rẹ, kí ó má bá ọ níbi tí o ti ń di ẹrù. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ara rẹ̀ yá. Ó ní kí n béèrè bóyá o ń jẹun dáadáa. Mo ní kì í ṣe oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí o pè mí, tí o bi mí ní ìbéèrè kan, tí mi ò sì tíì fèsì. O ti lè máa rò pé mò ń bínú. Mi ò bínú. Ní ọjọ́ náà ìwọ ń sunkún, èmi ń pariwo, títí ìpè náà fi já. Lórí tẹlifóònù, ẹni tó bá lóhùn jù ló máa ń borí, o sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó lóhùn tó mi ní ilé wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíkì ìkọ̀wé. Lẹ́tà, o lè kà á dé ìdajì, kí o bínú, kí o jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, kí o tún lọ mú un.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ sọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́. O ní o kò tíì lo oṣù mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n rán ọ lọ, iṣẹ́ olùkọ́ ti sú ọ. O ní ìwé ìtàn tí wọ́n là sílẹ̀ fún kíláàsì rẹ láti kà ní ọdún yìí, èyí tó dá lórí ìyá kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn kọjá odò, àwọn ọmọ kọ̀ ọ́ bí ẹni kọ ẹ̀kọ kíkan. Ọ̀kan dìde ó ní, “Madàámù, ìwé yìí gùn ju ojú ọ̀nà Kòtònú lọ.” Òmíràn ní láti ojú ewé kìíní dé ìkẹwàá, òjò nìkan ló ń rọ̀. Ẹ̀kẹta ní kò sí odò ní ìlú àwọn, kí ni àwọn fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìwọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹkún ló ń bọ̀. Èyí tó wá dùn ọ́ jù ni pé nígbà tí o gba iṣẹ́ àmúrelé wọn, àwọn mẹ́rìnlá ló kọ ohun kan náà pẹ̀lú àṣìṣe kan náà. Inú tẹlifóònù ni wọ́n ti dà á kọ.

O wá ní, “Bàbá, mò ń bọ̀ nílé. Ṣé àyè wà fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní atẹlíyé, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Èsì rẹ wà nínú lẹ́tà yìí. Má sáré lọ wò ó nísàlẹ̀.

O mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Ọdún méjì péré ni mo lò ní ilé-ìwé. Ìwé Yorùbá tí mò ń kọ yìí, kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ọ nígbà tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, èmi ni mo sì gbọ́n jù níbẹ̀. Bí o bá rí àṣìṣe, fi bíkì pupa sí i, kí o sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ mí ní Pàràkú? Bí ọdún iléyá bá ń bọ̀, láti Ladjifarani dé Banikanni, ta ni wọ́n ń wá? Bí ọkùnrin bá wọ agbádá tí mo rán kọjá ní ọjà Arzèkè, àwọn alárù á gbé ẹrù wọn yà fún un, wọ́n á rò pé ọlọ́lá kan ló ń kọjá, bẹ́ẹ̀ aṣọ́nà ilé ẹlòmíràn ni. Ojú abẹ́rẹ́ ni ilé tí a bí ọ sí ti jáde wá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wà ní ìlú mẹ́sàn-án, ògiri atẹlíyé gbogbo wọn ni àwòrán mi wà. Mi ò sọ ọ́ láti yangàn. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ irú ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ.

Nítorí nígbà tí o ní o ń bọ̀, inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí láyà, mo rò pé ìbínú ni, mo tún un wò, owú ni. Mò ń jowú àwọn ọmọ rẹ yẹn. Ẹnì kan gbé ìwé lé wọn lọ́wọ́, ó tún dúró níwájú wọn tó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á, wọ́n ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oorun kò kùn mí lọ́jọ́ méjì. Ọkùnrin tó ní ọmọ-ọmọ ń bá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún jowú. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́.

Bàbá wa bí ọkùnrin méjì, ẹ̀gbọ́n mi Ràímì, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Àgbà, àti èmi. Ó fi àwa méjèèjì sí ilé-ìwé. Nígbà tó di ọdún kejì tèmi, ó pè wá jókòó. Ó ní ilé tó bá ní akọ̀wé méjì, ebi ni yóò pa á. Kí ẹnì kan kọ́ ìwé, kí ẹnì kejì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí oníṣẹ́ ọwọ́ máa bọ́ akọ̀wé títí ìwé yóò fi bọ́ òun náà. Ó wo ojú wa, ó ní Ràímì ni àgbà, òun ni yóò máa bá ìwé lọ. Wọ́n fà mí lé Ọ̀gá Séídù lọ́wọ́, ará Dẹ́ńdì kan tó ń ránṣọ nítòsí ọjà.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mẹ́tìrù wọn, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe olùkọ́ nígbà náà, pín ìwé ìtàn kan fún kíláàsì Ràímì. Ìwé ilé-ìwé ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan kíláàsì mọ́, àfi tó bá rí òmíràn mú wá. Ràímì kórìíra ìwé náà bí ológbò ṣe kórìíra omi. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa kà á sókè nítorí pé bàbá wa ń gbọ́, yóò sì máa ráhùn láàárín ìlà kan sí òmíràn. Ó gùn. Faransé rẹ̀ le. Kí ni ti òun nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀. Èmi á wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí mò ń tú ojú rírán lára ẹ̀wù àtijọ́, mo ti na etí bí ehoro. Ìtàn ọdẹ kan ni, tí ajá rẹ̀ sọnù. Ajá náà wọ igbó ní ojú ewé kẹrin. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó jáde.

Nítorí ní ojú ewé keje, bàbá wa rìnrìn-àjò, kò sí ẹni tó ń gbọ́ mọ́, Ràímì bá ju ìwé náà sábẹ́ àga. Mo ní bí kò bá fẹ́ ẹ, kó fún mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, “Ìwọ? Lọ rán bébà rẹ.”

O mọ ohun tí bébà jẹ́ ní iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rán ọ létí. Ọmọ iṣẹ́ tuntun kì í fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Ọ̀gá á fa ìlà sára bébà àpò sìmẹ́ǹtì, ìwọ á sì máa fi ẹ̀rọ rán an láìsí òwú, kí ihò abẹ́rẹ́ ṣáà máa tẹ̀lé ìlà. Oṣù mẹ́fà ni mo fi rán bébà. Mo bi Ọ̀gá Séídù lọ́jọ́ kan pé ta ni yóò wọ̀ ọ́. Ó ní èmi ni yóò wọ̀ ọ́ lọ sí ọ̀nà ilé wa, bí mi ò bá pa ẹnu mi dé. Nítorí náà, nígbà tí Ràímì sọ̀rọ̀ bébà sí mi, ojú egbò gan-an ló tẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀gá ní kí olúkúlùkù mú bébà wá, kí a fi gé àwòṣe ẹ̀wù ọmọdé, èyí tí a máa ń tẹ́ lé aṣọ kí a tó fi àlùmọ́gàjí gé e. Àwọn yòókù mú bébà sìmẹ́ǹtì wá. Èmi mú ìwé Ràímì. Mo ya á ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ wọ́n pọ̀, mo gé ọrùn, mo gé apá, mo gé àpò. Ọ̀gá gbé e sókè, ó ní àwòṣe tèmi le, ó sì gún régé ju ti gbogbo wọn lọ. Ó fi í kọ́ ìṣó. Àbẹ̀kẹ́, mo ti gba ìyìn tó pọ̀ láyé mi. Ìyẹn nìkan ni kò dùn lọ́nà ọ̀fun mi.

Wọ́n lé Ràímì wálé. Wọ́n wá ìwé náà títí, wọ́n wò ó lábẹ́ ẹní, wọ́n wò ó nínú odó. Bàbá wa lọ bẹ mẹ́tìrù; ìyẹn ní Kòtònú ni irú rẹ̀ wà. Kí ẹnì kan tó rìn dé Kòtònú, Ràímì ti tẹ̀lé àwọn tó ń ru ẹrù ní ibùdó rélùwéè. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di ayé rẹ̀. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún tí ẹ̀yin ọmọ máa ń fi òróró pa fún un, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ gan-an, àná ló gbọ́.

Ó dára. Ìmọ̀ràn.

Èkíní, yéé bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fẹ́ràn ìwé náà. Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí tẹlifóònù, ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀wù tí pínnì ṣì wà lára rẹ̀. Bí oníbàárà bá wá wọ aṣọ rẹ̀ wò ní ìdajì iṣẹ́, tó ń ráhùn pé apá kan gùn, pé ọrùn ń gún òun, ṣé mo máa ń bẹ̀ ẹ́? Mo máa ń ní kó dúró ṣinṣin ni. Àwọn ọmọ yẹn ò tíì wọ ìwé náà, pínnì ló ń gún wọn. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ìwọ tí o mọ̀ ọ́n, má bá wọn pè é ní ẹ̀fọ́.

Èkejì, fi etí sí ẹni tó ń ráhùn jù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá, wọ́n gbé aṣọ ọkọ ìyàwó kan àti ti bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan náà. Àwọ̀ kan náà ni, wọ́n sì fi pínnì gún bébà ìwọ̀n àti orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè ka orúkọ nígbà náà. Dípò kí n bi ẹnì kan, mo ní mo mọ̀ ọ́n sórí. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ṣòkòtò ọkọ ìyàwó dúró lórí ojúgun rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ sì ń gbálẹ̀ kiri. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo wò wọ́n, mo ní àrà tuntun tó wà lóde ni. Mo fi ìgbéraga sọ ọ́ débi pé ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wá, wọ́n ní kí n rán irú rẹ̀ fún àwọn. O ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ pé jígí ojú mi wà nílé, bẹ́ẹ̀ mi ò ní jígí. Gbogbo ìwé àrà aṣọ tí wọ́n bá gbé wá, mo máa ń ní kò dára, kò wuyì. Mi ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni. Nítorí náà ọmọ tó ní òjò pọ̀ jù nínú ìwé yẹn, dúró dè é lẹ́yìn kíláàsì, kó má sí ẹlòmíràn níbẹ̀, kí o ní kó ka ìlà mẹ́ta fún ọ. Bí ó bá ń dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, o ti mọ ohun tó ń jẹ́ òjò. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Jókòó tì í.

Ti àwọn tó ń da iṣẹ́ kọ láti inú tẹlifóònù, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn. Aṣọ òkú òyìnbó, àlòkù tí wọ́n ń tà ní Arzèkè náà, èèyàn ń wọ̀ ọ́, kò sì ní gbà pé kì í ṣe tòun. Fi sílẹ̀ ná.

Ẹ̀kẹta yìí ni mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà. Nígbà tí o wà ní yunifásítì níbí, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ẹ ó máa jiyàn lórí àwọn èèyàn inú ìwé bí ẹni pé aládùúgbò yín ni wọ́n. Mo máa ń yí rédíò sókè. O rò pé ìròyìn ni mò ń gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ kí ẹ dákẹ́ ni, nítorí mi ò mọ ẹni tí ẹ ń bú. Àti olùkọ́ rẹ yẹn tó ń yá ọ ní ìwé, tó jẹ́ pé lórí oúnjẹ mi o ó máa ní ó sọ báyìí, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé aṣọ wá fún mi láti rán ní ọdún tí o gba ìwé ẹ̀rí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí abíyá rẹ̀ há. Ní ọjọ́ àyẹyẹ yín, kò lè gbé ọwọ́ sókè pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ìwọ ní ó jọ pé ara rẹ̀ ò yá. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ara rẹ̀ yá.

Kí ni mo rí nínú gbogbo èyí? Pé ohun tí wọ́n fún wa kì í dùn tó ohun tí wọ́n fi dù wá. Ràímì ní ìwé, kò fẹ́ ẹ. Èmi tí wọn ò fún, mò ń lálàá ajá ọdẹ. Ẹni tó ní orí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò ní orí. Nítorí náà, ọmọ mi, jẹ́ kí owú ṣiṣẹ́ fún ọ. Mú ọmọ mẹ́rin péré, kì í ṣe àwọn tó mọ̀wé jù. Ẹ jókòó sábẹ́ igi nígbà ìsinmi ọ̀sán, kà á fún wọn sókè, kí ẹ rẹ́rìn-ín níbi tó bá yẹ. Bí àwọn yòókù bá wá béèrè pé kí lẹ ń rín, kí ẹ ní kò kàn wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n máa fẹsẹ̀ palẹ̀ kọjá fún ọ̀sẹ̀ kan. O ó rí i. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ibi tí mo wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi dákẹ́. Mò ń kàwé.

O fi ẹ̀dà kan nínú ìwé ọlọ́kọ̀ ojú omi yẹn sílé ní ìsinmi tó kọjá. Mo gbé e lọ sí atẹlíyé. Faransé rẹ̀ dà bí ẹgún. Mo ka ìlà méjì, òógùn bò mí. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rí mi, mo bá ránṣẹ́ sí Ràímì, nítorí òun fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ ní ilé-ìwé. Ó dé lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó bi mí kí ni arúgbó fẹ́ fi ìwé ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe. Bí mo ṣe la ẹnu láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló jáde. Mo sọ ti ìwé ọdẹ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé orí ìṣó.

Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mo mọ̀.”

Mo ní kí ló mọ̀. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé náà sọnù, òun wá pè mí níbi iṣẹ́ kí n wá jẹun, òun rí orúkọ ọdẹ náà lára apá ẹ̀wù tó wà lórí ìṣó, òun sì padà sílé. Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún bàbá wa.

Ó rẹ́rìn-ín. “Lámídì, inú mi dùn. Mo rò pé o gbà mí sílẹ̀ ni.”

Mo gbé àlùmọ́gàjí, mo tún gbé e sílẹ̀. Òun ló tún sọ̀rọ̀. Ó ní lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá ni òun tó mọ ohun tí òun sọ nù, ní ọjọ́ tí wọ́n ń wá ẹni tó lè máa kọ orúkọ ẹrù sílẹ̀ ní rélùwéè, tí wọ́n sì mú ọmọ kan tó máa ń wà lẹ́yìn òun ní kíláàsì. Ó ní nígbà náà èmi ti ní ẹ̀rọ tèmi. “Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jowú rẹ. Mo ṣì ń jowú rẹ, má rò pé ó ti tán.” Ó fa ìwé náà gbà lọ́wọ́ mi, ó ní ibo la bá a dé.

Ojoojúmọ́ ló ń wá. Àbẹ̀kẹ́, àwọn ọmọ rẹ ò purọ́. Òjò náà pọ̀. Ní ojú ewé kẹsàn-án, Ràímì ní ẹni tó kọ ọ́ kò ní ilé tó ń jò ni. Ní ojú ewé kẹrìnlá, èmi náà ju ìwé sílẹ̀, mo ní wọ́n ti fi wá ṣe ẹlẹ́yà. A bú òǹkọ̀wé náà fún odindi ìrọ̀lẹ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, olúkúlùkù wa dúró wò ó bóyá ẹnì kejì yóò kọ́kọ́ fi í sílẹ̀, kò sí ẹni tó gbà kí ọmọ ìyá rẹ̀ borí. Bí a ṣe dé ojú ewé kẹtàlélógún nìyẹn. Níbẹ̀ ni àbúrò ìyá ọlọ́kọ̀ ti dúró sí etí odò pẹ̀lú ẹrù lórí, tó ní kó gbé òun kọjá, omi ti kún nítorí gbogbo òjò yẹn, ìyá náà sì wò ó dáadáa, ó fi àjẹ̀ ti ọkọ̀ kúrò, ó lọ. Ràímì pa ìwé dé. Ó ń wo ilẹ̀, èmi ń wo ẹ̀rọ.

Àwọn ọmọ rẹ kò tíì dé ibẹ̀. O ní ojú ewé kẹwàá ni wọ́n dúró sí. Nítorí náà, ẹ̀kẹrin: gbé wọn lọ sí ojú ewé kẹtàlélógún ní tààrà. Kà á fún wọn, kí o pa ìwé dé, kí o jáde. Ní ọjọ́ kejì, bi wọ́n pé báwo ni omi náà ṣe kún. Àwọn fúnra wọn ni yóò padà lọ wá òjò yẹn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kàwé. Ẹni tó bá bi ọ́, sọ pé àrà tuntun ni.

Ó ku èsì rẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Má bọ̀.

Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Láti ọjọ́ tí o ti lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ni mo ti ń fẹ́ kí o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Iṣẹ́ tí o ń ṣe yìí, owú rẹ̀ ni mò ń jẹ bí ẹni pé ọkùnrin kan ló gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Bí o bá tún pè, tí o tún sunkún, mo mọ ara mi, mo lè ní kí o máa bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo pe Sàkíná, tó ti bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, mo fa kọ́kọ́rọ́ atẹlíyé lé e lọ́wọ́ níwájú ìyá rẹ àti Ràímì, mo ní òun ni yóò jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọ̀rọ̀ ti tán. Bí ìsinmi bá dé, wá kí wa pẹ̀lú àpò kékeré kan, kí o jẹun, kí o sùn, kí o padà.

Títí dìgbà náà, wọlé tọ̀ wọ́n lọ́la. Wọ́n ní ìwé, wọ́n ní ojú tó ríran, wọ́n sì ní ìwọ. Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ní nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí wọn, owú wọn sì ń jẹ mí títí dé egungun. Má jẹ́ kí n jowú wọn lásán.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lámídì Aránṣọ.